Ẹja Tó Tóbi Jù ni Bàbá Máa Ń Fi Ránṣẹ́

Ìlógbò-Èkìtì ni wọ́n bí Mobọ́lá sí, nínú ilé kan tó kángun sí odò Ayésàn. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n odò ni ọkàn rẹ̀ wà. Fúnra rẹ̀ ló ń hun ìgèrè tó fi ń pẹja. Nírọ̀lẹ́, a lọ dẹ ẹ́ sábẹ́ gbòǹgbò igi níbi tí omi ti jìn; kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún láàárọ̀, ẹja ti délé. Àrọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹja dúdú tí kò ní ìpẹ́, tó ní irùngbọ̀n bí àgbàlagbà. Ìyá Mobọ́lá a ká wọn róbótó, a yan wọ́n lórí iná igi títí wọn yóò fi gbẹ. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan èyí tó tóbi jù. A ní ti Mobọ́lá ni. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù, bẹ̀rẹ̀ láti orí Emmanuel tó wà ní Èkó. Mobọ́lá nìkan ni obìnrin.

Ọdún tí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Ìlógbò fẹ́ rán aṣọ tuntun ni Fọláhàn wọ ìlú náà. Télọ̀ ni, láti Iye-Èkìtì ni wọ́n ti pè é wá. Ó fi téèpù wọn apá Mobọ́lá, ó sì gbàgbé iye tó rí kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún un wọ̀n, ó tún gbàgbé. Olórí akọrin ní kí ó lọ fi omi bọ́jú kó tó padà wá. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kó tó di ọdún kejì, ìdílé méjèèjì ti mọ ara wọn, Mobọ́lá sì ti kó lọ sílé ọkọ ní Iye, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé.

Ọwọ́ Fọláhàn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn ń ti Ọyẹ́, Ìdó àti Ìkọ̀lé gbé agbádá wá kí ó lè fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe ọnà sí ọrùn rẹ̀. Ó lè máa bá ọ sọ̀rọ̀, kó máa wo ojú rẹ, kí òwú sì ti wọ abẹ́rẹ́. Bó bá ń ránṣọ, a máa fi ohùn ìsàlẹ̀ kọ orin ìyìn. Bí Mobọ́lá bá ń bọ̀ láti iléèwé, yóò ti máa gbọ́ ohùn náà kó tó yọ sí ilé. Ó sọ fún èmi tí mò ń kọ ìtàn yìí nígbà kan pé, òun a mọ̀ọ́mọ̀ rọra rìn ní apá ibẹ̀, kí ọ̀nà má baà tètè tán.

Wọ́n bí Peace. Ó dàgbà, ó kàwé, ó lọ́kọ, ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Ìbàdàn. Ilé wá dákẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà dára. Bí ọkọ̀ bá ti Ìlógbò bọ̀, dẹ́rẹ́bà a máa ya ọ̀dọ̀ Mobọ́lá, yóò gbé àpò kékeré kan sílẹ̀. Kò ní láti béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá ti fi ẹja ránṣẹ́.

Ràṣídì dé ní àkókò yẹn. Òun àti Fọláhàn jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ lábẹ́ ọ̀gá kan náà ní Ìdó, kó tó pa iṣẹ́ tì, kó lọ bá àwọn tó ń wa góòlù. Ní báyìí, òun àti àwọn kan ti rí góòlù ní òkè odò Ayésàn, nínú igbó tó jìnnà sí ìlú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tó ń wá oúnjẹ ọmọ ni. Aṣọ ló wá rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀: aṣọ tó nípọn, tí híhun rẹ̀ dì. Nígbà tí Fọláhàn béèrè ohun tó fẹ́ fi í ṣe, ó mú ìgò kékeré kan jáde láti inú àpò rẹ̀, ó sì da ohun inú rẹ̀ díẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ.

Mẹ́kúrì ni. Irin ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣàn bí omi. Ó ń dán bíi dígí. Kò tẹ́ sílẹ̀ bí omi, ṣe ló ká jọ róbótó róbótó, tó ń sá kiri orí tábìlì. Fọláhàn fi ìka tì í, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ràṣídì ṣàlàyé pé, bí àwọn bá ti fọ iyanrìn tán, àwọn a da mẹ́kúrì sí i, mẹ́kúrì a sì di gbogbo góòlù inú rẹ̀ mú. Aṣọ ni àwọn fi ń fún un. Èyí tó pọ̀ jù a sẹ̀ jáde, èyí tó bá kù nínú aṣọ a ki pọ̀ bí ìdì fàdákà kékeré. Ìdì yẹn ni àwọn ń gbé sórí iná èédú. Mẹ́kúrì a fò lọ, góòlù a kù sílẹ̀. Iṣẹ́ náà fẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ mú, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Nínú igbó, òjò kì í jẹ́ kí iná àwọn jó dáadáa, yàrá kan sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Fọláhàn tí ẹnikẹ́ni kò lò.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ràṣídì ló kọ́kọ́ ń sun ún, Fọláhàn ń wò ó. Nígbà tó yá, Fọláhàn ló ń sun ún. Mobọ́lá kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó rí kò tó ohun tó lè bá ọkọ jà sí. Kò sí òórùn. Èéfín tó ń gba ojú fèrèsé jáde kò tó ti iná tí wọ́n fi ń yangbàdo. Nígbà míràn, bó bá fẹ́ fọ àwọn àkísà inú yàrá náà, a rí ẹyin fàdákà kéékèèké nísàlẹ̀ bàsíà. A da omi náà sẹ́yìnkùlé, a sì gbàgbé.

Ohun àkọ́kọ́ tó kúrò lára ọkọ rẹ̀ ni orin. Kò kọ́kọ́ fura. Ọjọ́ kan ló ń bọ̀ láti iléèwé tó wá ṣàkíyèsí pé òun ti dé ẹnu ọ̀nà láìgbọ́ ohùn kankan. Lẹ́yìn ìyẹn ni oorun kúrò. Fọláhàn ní ẹnu òun ń ṣe bí ẹnu ẹni tó há kọ́bọ̀ sẹ́nu. Bó bá rin pákò, ẹ̀jẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó di òwú mú, ó nà án sí ihò abẹ́rẹ́, kò wọ̀ ọ́. Ó ní ilẹ̀ ló ti ń ṣú. Ọ̀sán gangan ni.

Èyí tó dun Mobọ́lá jù kì í ṣe ti ọwọ́. Fọláhàn, ẹni tí kì í jẹ́ kí àlejò kọjá lójúde láìkí i, bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ènìyàn. Bí oníbàárà bá kan ilẹ̀kùn, a wọ inú ilé lọ, a ní kí ìyàwó òun sọ pé òun kò sí. Ojú ń tì í láìnídìí. Ìbínú òjijì sì ń mú un. Ọjọ́ kan, àwọn ọmọ aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín níta, ó sọ àlùmọ́gàjí mọ́ ògiri, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé òun kò mọ ohun tó ń ṣe òun.

Mobọ́lá a máa jókòó lábẹ́ igi ní iléèwé nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ṣeré, yóò máa ronú ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti rìnrìn àjò. "Àárò rẹ̀ ń sọ mí," ó ní, "mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀ fún un nílé ni. Bí ó bá ṣe pé ó kú ni, n bá mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún."

Wọ́n gbàdúrà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbààwẹ̀ pẹ̀lú wọn. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni, pé ọnà ara agbádá ló bí àwọn ènìyàn nínú. Emmanuel pè láti Èkó pé kí wọ́n gbé e wá. Bàbá Mobọ́lá ní tirẹ̀ ránṣẹ́ pé ara ọkọ ọmọ òun ló gbẹ, kí wọ́n máa fún un ní ẹja dáadáa, ẹja odò àwọn, kò sí àìsàn tí kò ní lọ. Àpò tó ń ti Ìlógbò wá wá ń wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mobọ́lá a bu díẹ̀ sè fún ọkọ rẹ̀, a jẹ nínú rẹ̀, a sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, nítorí Peace ti lóyún, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé ẹja dára fún aboyún.

Nígbà tí Fọláhàn kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó. Dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Tinúọlá ló rí wọn. Ó ní kí Fọláhàn na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó wo èrìgì rẹ̀. Ó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, Fọláhàn ní télọ̀ ni òun.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni dókítà wí, "yàtọ̀ sí aṣọ, ǹjẹ́ nǹkan mìíràn wà tí ẹ máa ń fọwọ́ kàn níbi iṣẹ́?"

Fọláhàn wolẹ̀. Ojú ti ń tì í. Mobọ́lá ló dáhùn.

"Ó ń sun góòlù, dókítà. Nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó béèrè bóyá mẹ́kúrì ni wọ́n ń lò sí i, àti bí fèrèsé yàrá náà ti pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún wọn pé mẹ́kúrì kì í lọ sí ọ̀run nígbà tó bá fò lórí iná. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò kọ́kọ́ mí i sínú, yóò gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ àti kíndìnrín. Òun ló ń gbọn ọwọ́ náà. Òun náà ló sì gba oorun àti ìtìjú àti ìbínú. Ó ní kí Fọláhàn má tún wọ yàrá náà mọ́ láéláé, kí wọ́n tì í pa, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ̀ gbá ibẹ̀, nítorí ọwọ̀ yóò fọ́n ọn káàkiri ilé ni.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ Fọláhàn. Wọ́n gé díẹ̀ nínú irun Mobọ́lá pẹ̀lú. Nígbà tí èsì dé, ti Fọláhàn rí bí wọ́n ṣe rò ó. Ti Mobọ́lá ló yà wọ́n lẹ́nu. Mẹ́kúrì wà lára rẹ̀ dáadáa, irú èyí tó wà lára rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti èéfín.

"Mà," ni dókítà bi í, "ṣé ẹ máa ń jẹ ẹja odò?"

Mobọ́lá ní ẹja odò ni òun fi dàgbà. Ó sọ orúkọ odò náà. Dókítà béèrè ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù, Mobọ́lá ní òkè odò kan náà ni. Dókítà ní omi tí wọ́n fi ń fọ iyanrìn ń ṣàn sínú odò, mẹ́kúrì tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ a sì rì sínú ẹrẹ̀. Èyí tó bá èéfín lọ náà ń bọ̀; òjò ló ń gbé e padà sílẹ̀, sórí páànù, sóko, sódò. Nínú ẹrẹ̀, àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí a yí i padà di irú mìíràn tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ara kò sì tètè lè tu jáde. Kòkòrò inú ẹrẹ̀ a jẹ ẹ́. Ẹja kékeré a jẹ kòkòrò. Ẹja ńlá a jẹ ẹja kékeré lọ́pọ̀lọpọ̀, gbogbo ohun tó wà lára wọn a sì ṣù jọ sí i lára. Èyí tó bá dàgbà jù, tó sì tóbi jù, òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù.

Ó ní ọmọ inú oyún ni ó léwu fún jù lọ, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ni.

Mobọ́lá dìde láìtọrọ àyè. Ó jáde, ó dúró sí abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé náà, ó pe Ìbàdàn. Ó ní kí Peace má jẹ ẹja náà mọ́. Ó béèrè bí èyí tó ti jẹ ti pọ̀ tó.

"Màmá mi, ẹ má bínú sí mi," ni Peace wí. "Mi ò jẹ nínú ẹ̀ rárá. Látìgbà tí oyún yìí ti dé, òórùn ẹja yíyan kì í jẹ́ kí n mí. Inú fíríìsà ló wà. Mo kàn ń sọ fún Bàbá àgbà pé ó dùn ni, kí ọkàn wọn má baà bàjẹ́."

Mobọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ tó wọ̀ wá sílé ìwòsàn. Àwọn tó ń kọjá rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ló ń rín, omijé sì ń bọ́.

Àwọn olùwádìí kan láti yunifásítì wá bu omi odò Ayésàn, wọ́n kó ẹrẹ̀, wọ́n gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja. Èsì wọn bá ọ̀rọ̀ dókítà mu. Ohun tó wà nínú omi kò tó nǹkan; inú ẹrẹ̀ àti ara ẹja ló wà. Nígbà tí Mobọ́lá gbọ́ ọ, ó ní òun kò fẹ́ kí àlejò kankan lọ sọ fún bàbá òun. Òun fúnra òun ló lọ.

Ó bá a níwájú ilé, ó ń tún ìgèrè ṣe. Inú bàbá dùn. Ó béèrè bí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe sí, ó ní ṣé àlàáfíà ni ulé wà, ṣé uṣẹ́ ń lọ dáadáa. Mobọ́lá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá mi, mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ má jẹ ẹja odò yìí mọ́."

Bàbá rò pé àwàdà ni. Ó na ọwọ́ sí odò, ó ní ṣé kò rí i bí omi ti mọ́ ni, a ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mobọ́lá sọ fún un pé ohun tó wà níbẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bàbá ní iná yóò pa á. Mobọ́lá ní iná kò lè pa á. A yan ẹja, a sè é, a dín in, kò kúrò. Bàbá ní ẹja kéékèèké ńkọ́? Mobọ́lá ní ó wà lára wọn níwọ̀nba, pé èyí tó tóbi ló ń kó ti gbogbo wọn jọ.

Bàbá gbé ìgèrè sílẹ̀.

"Èyí tó tóbi," ó ní. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Èyí tí mò ń yàn sọ́tọ̀ fún ọ."

Mobọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà le koránkorán nítorí okùn àti ọparun, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí àwọn ewúrẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í darí wálé.

Ràṣídì ló mú àwọn àgbà ìlú lọ síbi tí wọ́n ti ń walẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ti ń gbọ̀n, ó sì ti ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n dí àwọn kòtò náà. Àwọn kan nínú àwọn awagóòlù kó ẹrù wọn lọ sí ibòmíràn, kò sí ẹni tó mọ odò tí wọ́n wà lẹ́bàá rẹ̀ báyìí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wá hú sìmẹ́ǹtì yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dì í sínú àgbá, wọ́n gbé e lọ. Fọláhàn àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí ilé mìíràn.

Fọláhàn lo oògùn tí í fa májèlé jáde gba ojú ìtọ̀. Oorun ló kọ́kọ́ padà. Lẹ́yìn náà ni ìbínú fi í sílẹ̀, ó sì tún ń jókòó síta nírọ̀lẹ́, ó ń kí ènìyàn. Ọwọ́ náà dára díẹ̀. Ó ń fi ẹ̀rọ rán aṣọ iléèwé àti kọ́tìnnì fèrèsé, èyí tó jẹ́ ojú rírán títọ́. Àwọn tó bá gbé agbádá wá, ó ń júwe ẹlòmíràn fún wọn ní Ìdó. Mobọ́lá ní bí ẹni náà bá ti lọ, ọkọ òun a máa wo ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, òun a sì máa ṣe bí ẹni pé òun kò rí i.

Peace bí ọmọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ìmọ́lẹ̀. Dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò sì tíì rí àléébù kankan.

Ní Ọdún Àjíǹde tó kọjá, gbogbo wọn pé jọ sí Ìlógbò. Mobọ́lá ra ẹja títùsì láti ilé ẹja tútù ní Ìdó, ó dín in, ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀. Bàbá bù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ́. "Ẹja yìí ò ní ìlú," ó ní. Ó sì ní kí wọ́n bu ata díẹ̀ sí i fún òun.

Lẹ́yìn oúnjẹ, òun àti Mobọ́lá rìn lọ sí etí odò. Bàbá kì í dẹ ìgèrè mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í lọ jókòó níbẹ̀. Mobọ́lá ti béèrè lọ́wọ́ àwọn olùwádìí pé ìgbà wo ni ẹrẹ̀ náà yóò mọ́. Wọ́n ní ẹrẹ̀ kì í yára, pé ó lè jẹ́ ìran Ìmọ́lẹ̀ ni yóò rí i kó mọ́, ó sì lè jẹ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Mobọ́lá kò tíì sọ ìyẹn fún bàbá.

Ẹyẹ apẹja kan bà sórí ẹ̀ka igi tó tẹ̀ sórí omi. Ó wolẹ̀, ó wolẹ̀, ó já sómi bí òkò, ó sì jáde pẹ̀lú ẹja lẹ́nu. Ó fò gba òdìkejì lọ, bóyá ó ní ọmọ nínú ìtẹ́.

"Ta ni yóò sọ fún òun náà?" ni bàbá wí.

Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo omi, títí Fọláhàn fi ké sí wọn láti òkè pé ọkọ̀ Iye ti fẹ́ gbéra.